Adìyẹ Ti Rìn, Ọrùn Ẹsẹ̀ Mi Ò Tíì Rìn

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi di egungun tó ṣẹ́ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ, tí gbogbo ará ilé ń kí ọ kú oríire, tí ìwọ nìkan sì mọ̀ pé ọrùn ẹsẹ̀ náà ṣì ń dùn ọ́ débi pé o fẹ́ bú sẹ́kún, ìwọ ni mo jókòó kọ èyí fún. Kò sẹ́ni tó kọ irú rẹ̀ fún mi. Ká ní mo rí irú rẹ̀ kà ni, mi ò ní hu ìwà òmùgọ̀ tí mo máa tó sọ fún ọ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kò sì ní lọ sábẹ́ ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ má rò pé ẹjọ́ ni mo wá rò. Ọpẹ́ ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ mi. Mo wà láàyè, mo ń rìn, ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé.

Ọmọ Òde-Ayé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni mí, epo ni mo sì ń ṣe nígbà náà. Mo kàwé dé Sítáńdáàdì Síìsì kí n tó relé ọkọ, òun ló jẹ́ kí n lè kọ èyí. Lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ la fi ń ṣe epo. Bí a bá ti se ẹyìn ọ̀pẹ tán, tí a gún un, a ó kó o sínú kòtò ńlá tí a fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀ dáadáa, a ó da omi sí i, obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún á wọ ibẹ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa kọrin, títí epo yóò fi léfòó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá le kì í wọ kòtò. Tèmi le. Èmi ni mo máa ń dá orin, èmi ni mo sì máa ń jáde kẹ́yìn. Kí n má purọ́, mo máa ń fi ẹsẹ̀ náà yangàn.

Òfin kan wà tí ọmọdé pàápàá mọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í jáde nínú kòtò láì kọ́kọ́ fi ìhá nu àtẹ́lẹsẹ̀. Ìhá ni fọ́nrán tó máa ń kù lára ẹyìn lẹ́yìn tí a bá ti fún un tán, ó máa ń gbẹ, ó sì máa ń gba epo kúrò lára. Èmi gan-an ni mo máa ń bá àwọn ìyàwó tuntun wí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́ ni, tí sójà kún ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, tí ẹyìn sì pọ̀ lórí ọ̀pẹ ju ọwọ́ tó lè ṣe é lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ti tẹ epo débi tó ti ń pọ́n bọ̀ lójú omi, ni òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sínú kòtò, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti bàjẹ́ nìyẹn. Páànù tí a fi ń bo kòtò wà lẹ́yìn ilé. Mo ní èmi ni màá lọ gbé e, mo sì fò jáde bẹ́ẹ̀, láì fi ìhá kan àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì yọ̀, ti ọ̀tún há sáàárín etí kòtò àti igi tí a fi gbé etí náà ró, gbogbo ara mi sì wó lé e. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná. Ìrora kò tilẹ̀ kọ́kọ́ dé. Ohun tó kọ́kọ́ dé ni pé mo wo ẹsẹ̀ mi, mo rí i pé ìka rẹ̀ kọjú síbi tí kò yẹ kí ó kọjú sí.

Ìyá ọkọ mi wà nídìí iná níbi tó ti ń se ẹyìn. Ìyé ni a ń pe ìyá ní Ìkálẹ̀, Ìyé náà ni èmi àti gbogbo ilé ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́, ó sọ ọ́ nìyẹn. Ó sáré wá, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ náà mọ́ pátákó kan.

"Ọma mi, má wò ó," ó ní. "Ojú mi ni kó o máa wò."

Ìkálẹ̀ ni Ìyé ń sọ o. Mo ti yí èyí tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá inú ìwé kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ, àmọ́ ọma mi yẹn, tí í ṣe ọmọ mi, mi ò lè yí i. Bí mo bá yí i, kì í ṣe òun mọ́.

Ọkọ mi, tí wọ́n ń pè ní Baba Títí nítorí àkọ́bí wa, gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ojú títì, mọ́tò tó kó gàrí sì gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn láàárín èrò. Àwọn aláboyún wà níbẹ̀, àwọn tí ibà ń gbọ̀n wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tí ejò bù jẹ náà wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí n rojọ́ pé wọ́n dá wa dúró nígbà tí ẹni tí ejò bù jẹ ṣáájú mi. Obìnrin tó jókòó tì mí, tó ń jẹ ẹ̀pà, wo ẹsẹ̀ mi títí, ó wá fi ẹnu sí mi létí.

"Ṣé wọ́n ti sọ fún ọ pé gígé ni wọ́n ń gé e?"

Mo ní wọn ò tíì sọ fún mi.

"Wọ́n á sọ," ó ní, ó sì ń bá ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Wọ́n ya fọ́tò egungun náà. Wọ́n ní ó ti ṣẹ́ níbi méjì, oríkèé rẹ̀ sì ti yẹ̀, àfi kí wọ́n fi irin so ó, iṣẹ́ náà sì ju tiwọn lọ. Wọ́n kọ ìwé lé wa lọ́wọ́ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ wá dìde nílé. Ìyé ní bàbá kan wà ní Òṣóòrò tó ń to egungun, kò sì tíì sí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lọ bá a tó fi igi rìn kúrò níbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní òótọ́ ni. Baba Títí gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó dìde, ó wá ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní Ìbàdàn là ń lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko.

Ẹ̀rù bà mí ní Ìbàdàn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nígbà tí dókítà dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, ohun kan ṣoṣo tí mo bi í ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa gé e ni?"

"Bí mo bá fẹ́ gé e," ó ní, "kí ni mo tún ń wá irin kiri sí?"

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oorun, ìgbà tí mo fi máa lajú, ẹsẹ̀ mi ti di funfun, ó ti wúwo bí odó. Sísítà kan, ọ̀gá nọ́ọ̀sì, wà ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, obìnrin tó ga, tí kì í rẹ́rìn-ín ṣeré. Òun ló sọ òfin fún mi kí n tó máa lọ sílé: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú sìmẹ́ńtì, lẹ́yìn èyí wọ́n á tú u, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò gbọdọ̀ gbé ara mi rárá títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì ni kí n máa fi rìn. Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ wà lọ́tọ̀, gbígbà wà lọ́tọ̀.

Nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì wà níbẹ̀, mo fara da ìrora, nítorí mo rò pé sìmẹ́ńtì ló ń dùn mí. Mo ń ka ọjọ́. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí mi pé ọjọ́ tí wọ́n bá tú u ni wàhálà tán. Ọjọ́ náà dé, a padà sí Ìbàdàn, wọ́n tú u. Ẹsẹ̀ tí mo rí níbẹ̀, mi ò mọ ọ́n rí. Ó tín-ín-rín, ó ń bó, ọ̀nà gígùn kan tó pọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ rẹ̀ kọjá. Kò sì yéé dùn mí. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lásán láti orí àga, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ síbẹ̀, á máa ta mí. Bí mo bá fẹ́ yí i, ó le gbagidi. Ibi tí inú mi ti bàjẹ́ jù lọ nìyí, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n ṣáájú: ìgbà tí wọ́n sọ pé ó ti san ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bó ṣe ń dunni tó.

Gbogbo ará àdúgbò ló ní òògùn. Ẹnì kan gbé àdí wá, ẹnì kan gbé ewé wá, ẹnì kan ní kí n máa fi ìtọ̀ màlúù wẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan tó ń kọ́ ilé kìlọ̀ fún mi pé kí n má jókòó sẹ́bàá fèrèsé bí òjò bá ń rọ̀, pé irin inú ẹsẹ̀ mi á pe mọ̀nàmọ́ná wọlé. Mo bú u. Mo bú èèyàn púpọ̀ nígbà náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ẹni tó bá ti lè ní "ṣé kò tíì san ni?" á gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Àmọ́ bí òjò bá ṣú báyìí, mo rọra máa ń sún kúrò lẹ́bàá fèrèsé.

Ìyé kì í dá sí i. Ó kàn ń wò mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ aṣọ ìjáde, ó lọ sí Òṣóòrò, ó sì mú bàbá tó ń to egungun wá. Bàbá náà jókòó sórí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ mi sórí itan rẹ̀, ó fọwọ́ tọ ojú ọgbẹ́ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Kí ló wà nínú èyí?"

"Irin ni," mo ní. "Dókítà ló fi síbẹ̀."

Ó gbé ẹsẹ̀ mi kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. "Egungun ni mo mọ̀," ó ní. "Mi ò mọ irin. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ló mọ ọ̀nà rẹ̀."

Ìyé kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí kò bá lè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, kó ṣáà ṣe ti adìyẹ. Bí o kò bá mọ ti adìyẹ, báyìí ló rí. Àwọn tó ń to egungun á mú adìyẹ kan, wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ aláìsàn ti ṣẹ́ gan-an, wọ́n á to ó, wọ́n á fi igi dì í, wọ́n á fi ewé kan náà sí méjèèjì. Ọjọ́ tí adìyẹ bá dìde tó rìn, wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ aláìsàn náà ti jiná. Èmi fúnra mi ti rí i tó ṣẹ, lára àbúrò bàbá mi tó já lórí ọ̀pẹ.

Bàbá náà kọ̀, Ìyé kò sì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó pẹ́, bàbá náà gba adìyẹ dúdú kan lọ́wọ́ Ìyé, ó ṣe é. Kó tó lọ, ó yíjú sí mi.

"Mo ṣe èyí nítorí ìyá yìí. Ṣùgbọ́n dókítà rẹ ni kó o gbọ́ tirẹ̀."

Gbogbo wa gbọ́ èyí tó kọ́kọ́ sọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìkejì.

Wọ́n so adìyẹ náà mọ́ igun yàrá mi. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé, àwa méjèèjì la jọ ń na ẹsẹ̀ sílẹ̀, mo sì ń fún un ní àgbàdo lára tèmi. Bí ẹsẹ̀ mi bá ń ta mí, mo máa ń wò ó bóyá tirẹ̀ náà ń ta á. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ìyé tú igi ẹsẹ̀ rẹ̀. Adìyẹ dìde. Ó tiro lẹ́ẹ̀kan, ó tiro lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó lọ ń tan ilẹ̀ lẹ́yìn ilé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ìyé wólẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà dúpẹ́. Bí mo ṣe ń dúpẹ́ ni ọrùn ẹsẹ̀ mi ń dùn mí, mo sì sọ fún un nínú ọkàn mi pé ọ̀lẹ ni, pé adìyẹ ti rìn, kí ni tirẹ̀.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù mẹ́ta dókítà pé.

Lọ́jọ́ kẹta ọjọ́ náà, wọ́n fẹ́ tẹ epo. Ọ̀kan nínú àwa obìnrin ti bímọ, wọn ò pé. Mo gbọ́ orin láti inú yàrá, ẹni tó ń dá a kò mọ̀ ọ́n dá. Mo fi ọ̀pá méjèèjì ti ògiri. Mo di ara ilé mú, mo di igi ọsàn mú, mo dé ibẹ̀. Ó ń dùn mí ní gbogbo ìgbésẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ìrora. Àwọn obìnrin yẹn pariwo ayọ̀, wọ́n nawọ́ fà mí wọ inú kòtò. Orin méjì ni mo dá. Níbi tí mo ti fẹ́ dá ìkẹta, nǹkan kan yẹ̀ nínú ọrùn ẹsẹ̀ mi, gbogbo ojú mi ṣókùnkùn, wọ́n sì gbé mi jáde.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ náà ti wú bí iṣu, ojú ọgbẹ́ ti là, omi kòtò àti epo sì ti wọ inú rẹ̀. Ibà mú mi. Ìyé wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní Ìbàdàn, dókítà kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ìbá sàn fún mi.

"Ta ló ní kí o máa rìn?"

Irọ́ kò wá sí mi lẹ́nu. "Adìyẹ ni, sà."

Sísítà fọwọ́ bo ẹnu. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga, ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní adìyẹ kò wúwo, èmi wúwo. Ó ní ìṣó tó fi so egungun ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, ọyún sì ti wọ inú ọgbẹ́. Ó máa là á, ó máa fọ̀ ọ́, ó máa yọ ìṣó tó yẹ̀. Bí ọyún náà kò bá tíì dé inú egungun, ẹsẹ̀ mi wà. Bó bá ti dé ibẹ̀, ó ní kì í ṣe irin ló máa wá lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin elẹ́pà orí bẹ́ǹṣì yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kejì. Lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá la fi dúró láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń tú báńdéèjì náà, láràárọ̀ ni dókítà ń tẹ orí ba láti gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo máa ń wo ojú rẹ̀ ju bí mo ṣe ń wo ẹsẹ̀ mi lọ. Ìyé ló bá mi wá lọ́tẹ̀ yìí. Orí ẹní lẹ́bàá ibùsùn mi ló ń sùn, kì í sì fẹ́ jẹun. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dì mí lẹ́sẹ̀ mú, èyí tí kò ní ọgbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Bí wọ́n bá gé e, ọwọ́ mi ló gé e," ó ní. "Èmi ni mo mú adìyẹ wá. Kí ni màá sọ fún ọma mi ní ulé?"

Ìbínú ti wà nínú mi sí i, kí n má fi pa mọ́ fún ọ. Láti ilé ni mo ti ń gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí irun funfun rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi, mi ò rí ìbínú náà mọ́.

"Ìyé," mo ní, "ìfẹ́ lẹ fi mú adìyẹ wá. Ẹsẹ̀ mi ló wọ kòtò, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Ẹ dìde kí ẹ jẹun."

Ó dìde, ó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, dókítà tú báńdéèjì, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, "Ó ń gbẹ." Mo sunkún bí ọmọdé. Ìyé kò tilẹ̀ mọ ohun tí dókítà sọ nítorí Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá Sísítà sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi, ó sì kúnlẹ̀ fún dókítà, dókítà náà kúnlẹ̀ láti gbé e dìde.

Sísítà ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kí a tó lọ sílé, ó jókòó lẹ́bàá mi, ohun tó sọ fún mi sì ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn bí o bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Ó ní ìrora méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń dé bí o bá lo ẹsẹ̀, á sì lọ bí o bá sinmi. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀tá, ẹsẹ̀ ló ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ìkejì kì í lọ bí o bá tilẹ̀ sinmi, ó máa ń gbóná, ó máa ń wú, ó lè mú ibà dání. Ìyẹn ni kí o torí rẹ̀ sáré wá.

"Má sunkún nítorí ti àkọ́kọ́," ó ní, "má sì ṣe akin lórí ìkejì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó tún kọ́ mi ní nǹkan kan tó dà bí eré. Láràárọ̀, kí n tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kí n gbé e sókè, kí n fi àtàǹpàkò rẹ̀ kọ a, b, d sí afẹ́fẹ́, títí dé y. Bí mo bá kọ ọ́ tán, ọrùn ẹsẹ̀ á ti rọ̀ díẹ̀. Nílé, Ìyé máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti wò mí.

"Kí lo ń kọ yẹn?"

"A ni, Ìyé."

"Tún un kọ. Ẹsẹ̀ rẹ ń gbọ̀n, mi ò rí ìparí rẹ̀."

Mo tún un kọ. Báyìí ni Ìyé, tí kò wọ ilé ìwé rí, ṣe mọ gbogbo lẹ́tà láti ara àtàǹpàkò mi. Kó tó di ìkórè, ó ti lè ka orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìjọ.

Oṣù mẹ́ta tuntun tí dókítà tún ní kí n má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, mo pa á mọ́ bí òfin mẹ́wàá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìrìn bẹ̀rẹ̀, ìrora sì bá a rìn. Lọ́sẹ̀ kìíní, láti orí ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, dé ìdí igi ọsàn. Lẹ́yìn náà, dé ilé kejì. Ìyé ń bá mi rìn, ó ń ka ìgbésẹ̀ mi sókè, kì í sì jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ó máa ń wí. Bí a bá dé, á gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní iyọ̀ wá, màá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà màá gbé e lé àpò òwú àràbà kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, kó lè ga ju ara mi lọ. Ọjọ́ mìíràn, àná dára, òní burú. Má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́ bó ṣe dẹ́rù bà mí. Má fi òní wé àná, fi oṣù yìí wé oṣù tó kọjá.

Ó ju ọdún kan lọ kí n tó rìn láì mú ọ̀pá. Láàárín rẹ̀, ó sú mi. Ní òwúrọ̀ kan tí ẹsẹ̀ náà kọ̀ jálẹ̀, mo sọ fún Baba Títí pé kó lọ fẹ́ obìnrin mìíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Ó ń pọ́n àdá rẹ̀ lọ́wọ́ láti lọ sóko, ní ọ̀nà jíjìn tí kẹ̀kẹ́ máa ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀.

"Èmi náà ń fẹsẹ̀ rìn," ó ní. "Ká jọ máa rìn ín bẹ́ẹ̀."

Ó sì lọ. Mo dìde, mo kọ a, b, d mi.

Ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà ni mo ń kọ èyí. Mi ò wọ kòtò epo mọ́, dókítà ní kí n má wọ̀ ọ́, lọ́tẹ̀ yìí mo gbà. Púpurù, oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ni mò ń ṣe báyìí. Ìjókòó ni mo fi ń mọ ọ́n, ọwọ́ ni mo fi ń yá a lórí iná, ẹsẹ̀ mi sì wà lórí àpótí bí ẹsẹ̀ ọba. Mo ń tiro díẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá sín mi jẹ, mo máa ń sọ fún wọn bíi ti amúkùn-ún inú òwe pé òkè ni wọ́n ń wò. Irin kan ṣì kù nínú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, tàbí tí mo bá dúró pẹ́, ó máa ń dùn mí. Mo ti mọ irú èyí tó jẹ́, mo sì ń sinmi. Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé tìrẹ á tán pátápátá. Mo lè sọ fún ọ pé ó ń kéré, àti pé èèyàn lè gbé pẹ̀lú rẹ̀ kó sì máa rẹ́rìn-ín. Má bú àwọn tó gbé òògùn wá, nítorí ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n dókítà tó fi ọ̀bẹ là ọ́ ni kó sọ ọjọ́ tí o máa rìn.

Ìyé ti darúgbó. Orúnkún ń ṣe é, kò lè yára mọ́, bó ṣe ń rìn báyìí sì ni ọrùn ẹsẹ̀ mi ṣe fẹ́ kí n máa rìn gẹ́lẹ́. Bó bá di ọjọ́ ìsinmi, a máa ń di ara wa lọ́wọ́ mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìdílé á ti dé, agogo á ti dákẹ́, àwa ṣì wà lójú ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alàgbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wá bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè ta ni ń gbé ta ni ró nínú àwa méjèèjì.

"A ò tíì bi ara wa," Ìyé dá a lóhùn, a sì wọlé.